Mo kan àpótí géèmù sílé, èjìká mi ò gbà

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí, ìyàwó mi ti fi mí rẹ́rìn-ín títí ó fi sú u. Ẹ̀yin náà ẹ rín tiyín, kí ẹ wá gbà mí nímọ̀ràn.

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti mú ni mo ti ń kan àpótí géèmù kan sí pálọ̀, irú èyí tó ga tó èèyàn, tí wọ́n máa ń sọ owó ẹyọ sínú rẹ̀ láyé àtijọ́ kó tó gbà kí ẹ ṣeré. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi mọ Pac-Man àti Street Fighter II bí èmi ṣe mọ̀ ọ́n, kí wọ́n gbójú kúrò lára fóònù díẹ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú mọ́nítọ̀ íńṣì 24, ọ̀pá ìdarí méjì, àti bọ́tìnì mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo wá àwòrán rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwòrán òyìnbó Amẹ́ríkà, mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo gbé e fún káfíńtà. Ó gé e bó ṣe wà nínú ìwé gẹ́lẹ́, kò sí ibi tó ti yẹ̀.

Ó dùn ún wò. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń fọwọ́ pa á lára. Àmọ́ kí n fi ogún ìṣẹ́jú gbá géèmù báyìí, èjìká ọ̀tún mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, ọrùn mi á le gbagidi, etí pákó á sì ti fa ìlà pupa sí mi lọ́rùn-ọwọ́. Ìyá àwọn ọmọ ní òun ò fọwọ́ kàn án mọ́, ó ní ṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn ń rokà nínú ìkòkò tí wọ́n gbé ka orí tábìlì. Káfíńtà ní iṣẹ́ òun dára, ó sì dára lóòótọ́. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́?

Ẹ̀rọ̀ Oríkèé, Ìlọrin

Bàbá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Iṣẹ́ fisiotẹ́rápì ni mò ń ṣe. Irú èjìká tí ẹ ń wí yìí, ara àwọn aránṣọ ni mo ti ń rí i jù.

Mi ò lè sọ nǹkan kan láìmọ ìwọ̀n. Ẹ wọ sálúbàtà tí ẹ máa ń wọ̀ nínú ilé, ẹ dúró ṣánṣán, ẹ jẹ́ kí apá yín rọ̀ wá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ wá ká ìgbọ̀nwọ́ títí tí ọwọ́ á fi nà síwájú bí ẹni fẹ́ gba àwo oúnjẹ. Kí ẹlòmíràn fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé abẹ́ ìgbọ̀nwọ́. Ẹ má wọ̀n ọ́n fúnra yín o, torí kí ẹ tó tẹ̀ wo téèpù, ìgbọ̀nwọ́ ti kúrò níbi tó wà. Ẹ wọn ti ìyàwó yín náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọ̀n láti ilẹ̀ dé orí pákó tí ọ̀pá àti bọ́tìnì wà, ẹ jẹ́ ká máa pe ìyẹn ní pátákó ọwọ́. Kí ẹ sì wọ̀n láti ilẹ̀ dé àárín ojú mọ́nítọ̀.

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ ṣé gan-an, mà. Ìgbọ̀nwọ́ mi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 104. Ti ìyàwó mi jẹ́ 98. Pátákó ọwọ́ jẹ́ 102 níwájú, ó sì tún ga sí i lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Àárín mọ́nítọ̀ wà ní 138. Èmi ga ní 166, òun ga ní 157 (ó ní kí n kọ 158).

Ẹ̀rọ̀ Oríkèé, Ìlọrin

Ẹ̀hẹn! Ó ti hàn kedere.

Pátákó yín fi sẹ̀ǹtímítà méjì péré relẹ̀ ju ìgbọ̀nwọ́ yín lọ. Àmọ́ orí pákó kọ́ ni ọwọ́ yín wà nígbà tí ẹ bá ń gbá géèmù, orí bọ́ọ̀lù ọ̀pá ló wà, ìyẹn sì fi bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ga ju pákó lọ. Tí ẹ bá ro ó pọ̀, ọwọ́ yín ga ju ìgbọ̀nwọ́ yín lọ ní gbogbo ìgbà. Kí ọwọ́ má bàa jábọ́, èjìká á fà sókè, á máa gbé e. Ẹran ara tó ń gbé èjìká yẹn, láti ẹ̀yìn orí ló ti so mọ́ ọrùn wá. Ìdí nìyẹn tí ọrùn fi ń le, kì í ṣe mọ́nítọ̀ ló fa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ti ìyàwó yín wá burú jù, torí pátákó gan-an ga ju ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ lọ. Ọkà tó wí yẹn, kò purọ́.

Iṣẹ́ ìdúró tí kò gba agbára, ibi tí ara ti ń fẹ́ ẹ ni sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 sísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́. Tiyín á bọ́ sáàárín 94 sí 99, ti ìyàwó á bọ́ sáàárín 88 sí 93. Tó bá jẹ́ èmi, 93 ni mo máa lọ. Ó wà lórí ààlà fún un, ó sì relẹ̀ díẹ̀ fún ẹ̀yin, àmọ́ bọ́ọ̀lù orí ọ̀pá á dá a padà fún yín.

Ìlà pupa ọrùn-ọwọ́ yẹn ni kí ẹ má fojú kékeré wò. Iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí àtàńpàkò àti ìka mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, àárín ọrùn-ọwọ́ ló gbà kọjá, ibẹ̀ sì há. Ẹ wá gbé e lé etí pákó mímú, ẹ sì tún ń tẹ ọwọ́ sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1981, New England Journal of Medicine, ìwé ìròyìn àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà, tẹ lẹ́tà kan jáde nípa ọrùn-ọwọ́ tó ń dun àwọn tó ń gbá Space Invaders. Ọdún mẹ́ta péré sí ìgbà tí géèmù yẹn jáde ní Japan nìyẹn. Tí ìka bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín bíi pé kòkòrò ń rìn nínú rẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ sì lọ rí dókítà. Ẹ má rò pé ó máa lọ fúnra rẹ̀.

Ọ̀gá Pákó, Abẹ́òkúta

Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú sí káfíńtà yín. Ìwé tí ẹ fún un ló kà. Àpótí àwọn ará Amẹ́ríkà, pátákó ọwọ́ rẹ̀ máa ń wà láàárín íńṣì 36 sí 40. Ẹni tó ya tiyín wà ní 40, ó ní láti jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ga bí òpó iná. Àwòrán ẹlẹ́sẹ̀ gígùn lẹ fi ránṣọ fún ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú.

Ẹ má fọwọ́ kan pátákó. Ẹni tó bá ní kí ẹ tú pátákó kí ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀, kò tíì kan àpótí rí. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti ní ọ̀nà tí wọ́n gé fún un, tí ẹ bá gbé e sọ̀kalẹ̀ ihò á yọ lókè, á dà bí ẹni tí eyín ká lẹ́nu. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti gé e. Láti 102 sí 93, sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án lẹ máa gé.

Ẹ kọ́kọ́ tú mọ́nítọ̀ àti gbogbo ohun tó wúwo kúrò. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí aṣọ. Ẹ fi téèpù oní-bébà, irú èyí tí àwọn akunlé ń lò, lẹ̀ ẹ́ yí ká, ẹ fa ìlà sórí téèpù náà, kí ayùn má bàa já ojú pákó wẹ́wẹ́. Tó bá jẹ́ HDF ni, ìyẹn pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi tẹ̀ pọ̀, ojú tí ẹ bá gé yẹn ti di ẹnu tó ń mu omi. Ọjọ́ tí ọmọ ọ̀dọ̀ bá fi mọ́ọ̀bù kan ìdí rẹ̀ ni á bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ẹ fi àtè funfun tí a pò mọ́ omi díẹ̀ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kó gbẹ, ẹ wá kun ọ̀dà epo lé e, kí ẹ sì fi rọ́bà mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀ kó má jókòó sórí táìsì tààrà.

Nǹkan méjì kù. Ẹ wo kábíìnẹ́ẹ̀tì inú kíṣìnnì, ẹ rí i pé ìdí rẹ̀ wọnú, tí orí bàtà èèyàn lè bọ́ sábẹ́ rẹ̀? Àpótí géèmù náà ń fẹ́ irú rẹ̀: gíga sẹ̀ǹtímítà 10, jíjìn 8. Tí kò bá sí, orí bàtà á gbá pákó, ẹ ó yí sẹ́yìn, ẹ ó wá na ọwọ́ síwájú, èjìká á tún dé. Ìkejì ni etí pátákó. Ẹ sọ fún káfíńtà kó fi ìfági bu igun rẹ̀ kúrò, kó wá fi sáńpépà pa á títí tí ẹ ó fi lè fi inú apá yín lọ̀ ọ́ láìmọ ibi tí etí wà. Ẹ fi apá dán an wò o, ẹ má fi ìka. Ìka tiwa ti yi.

Ẹrú Bọ́tìnì, London

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo kí Ọ̀gá Pákó náà, mo ti kọ nǹkan lọ́dọ̀ wọn. Gíga ti yanjú, àmọ́ ẹ ò tíì sọ ti orí pátákó fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwa tó ń kan nǹkan yìí ti máa ń ṣìṣe.

Kí ẹ tó lu ihò kankan, ẹ gbé bébà fúnfun sórí tábìlì, ẹ pa ojú dé, ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e bí ẹni fẹ́ tẹ dùùrù, kí ẹlòmíràn fi pẹ́ńsùlù yí orí ìka yín ká. Ẹ máa rí i pé ìka kì í tò sórí ìlà kan ṣoṣo. Ìka àárín ló jáde jù, ìfábẹ̀lá sì padà sẹ́yìn. Ìlà bọ́tìnì gbọ́dọ̀ tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá lu ihò gbọọrọ bí àwọn sójà tó tò, ọrùn-ọwọ́ ló máa yí kí ìka tó débẹ̀. Bọ́tìnì oníwọ̀n mìlímítà 30 ni, mo máa ń fi bíi 36 sáàárín ojú ọ̀kan sí ojú èkejì. Láti etí pátákó dé ọ̀pá, ẹ má jẹ́ kó dín sí sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án, kí ìdí ọwọ́ ríbi jókòó. Àwọn àpótí Amẹ́ríkà àtijọ́ há níbẹ̀. Ará Japan ló fi àyè sílẹ̀, ẹ wo àpótí Vewlix tí ilé iṣẹ́ Taito ṣe bó ṣe gbòòrò.

Pákó wo lẹ lò, mìlímítà mélòó? Tó bá jẹ́ 18 tí ẹ sì kan JLF, ọ̀pá ìdarí tí ilé iṣẹ́ Sanwa ní Japan ń ṣe, mọ́ ọn lábẹ́ láìgbẹ́ ẹ, ọ̀pá náà á kúrú, ìka á máa họ pákó, ẹ ó wá máa fún un mọ́wọ́. Ẹ fi rútà àwọn káfíńtà gbẹ́ abẹ́ pákó títí tí yóò fi ku bíi mẹ́fà níbi tí ọ̀pá wà. Bọ́tìnì náà ní irú méjì: èyí tí wọ́n ń tẹ̀ wọlé tó di ara rẹ̀ mú, fún irin tín-ínrín, àti èyí tó ní nọ́ọ̀tì tí wọ́n ń dè lábẹ́. Oní-nọ́ọ̀tì ni kí ẹ rà fún pákó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má di ọ̀pá mú bí ẹni fẹ́ gba ìlù lọ́wọ́ onílù. Ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù náà jókòó sínú àtẹ́lẹwọ́, kí ọ̀pá gba àárín ìka kọjá, bí ẹni gbé ife ọtí láti ìsàlẹ̀. Ìka ló ń darí ẹ̀. Apá ò níṣẹ́ níbẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ Pac-Man, ọ̀nà mẹ́rin péré ni géèmù yẹn mọ̀: òkè, ilẹ̀, ọ̀tún, òsì. Ọ̀pá tó ń lọ sí ọ̀nà mẹ́jọ á máa bọ́ sí igun, Pac-Man á kọjá ìkóríta tí ẹ fẹ́ yà sí, iwin á gbé e, ẹ ó wá máa fi ìbínú fa ọ̀pá. Àwo kékeré tó wà lábẹ́ JLF ṣeé tú, kí ẹ yí i kó di ọ̀nà mẹ́rin. Mo ti rí ẹni tó ń da èjìká ara rẹ̀ lẹ́bi fún oṣù kan, àwo yẹn ni.

Èyí tí mo kọ̀ jálẹ̀ ni ìdúró. Ta ló ní ká máa dúró? Àpótí Astro City tí Sega ṣe ní 1993, ìjókòó ni. Ọ̀pọ̀ ilé géèmù Japan, ìjókòó ni. Àwọn tó mọ Street Fighter jù láyé, orí àga ni wọ́n wà.

Ọ̀gá Pákó, Abẹ́òkúta

Àbúrò, mo gbọ́. Àmọ́ Bàbá Ìbejì ti kan tiwọn tán, ti ìdúró ni. Tó bá fẹ́ fi ṣe ti ìjókòó, orúnkún fẹ́ àyè. Láti ilẹ̀ dé abẹ́ pátákó kò gbọ́dọ̀ dín sí sẹ̀ǹtímítà 62, ẹsẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wọlé tó 40. Níbi tí mo ti rí àwòrán rẹ̀, pákó iwájú rẹ̀ lọ sílẹ̀ pátápátá. Tó bá gbé àga síwájú rẹ̀, á ya ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni gun ẹṣin. Ṣé ìyẹn náà ni Japan?

Bàbá Àgbà, Houston

Ẹ jẹ́ kí àgbà dá sí i. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, mo ti gbá Pac-Man nígbà tí mo ń ṣe akẹ́kọ̀ọ́ níbí, ẹ̀rọ kan wà ní ilé ìfọṣọ tí mò ń lọ. Tí aṣọ bá ń yí, èmi náà ń yí.

Orúnkún mi ò gba ìdúró mọ́. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ra àga gíga, irú èyí tó máa ń wà ní ilé ọtí, tó ní irin ìtìsẹ̀. Ìdí mi wà lórí rẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ mi kan wà nílẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó. Ìgbọ̀nwọ́ mi ò yí padà púpọ̀, àyè orúnkún ò sì jẹ́ wàhálà torí ẹ̀gbẹ́ àga ni orúnkún ń gbà sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì lè fi ìyẹn parí ìjà yín.

Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni ojú. Dígí ojú mi olójú méjì ni, òkè fún ọ̀nà jíjìn, ìsàlẹ̀ fún ìwé. Mọ́nítọ̀ àpótí kò jìnnà tó ti òkè, bẹ́ẹ̀ ni kò sún mọ́ tó ti ìwé. Èmi wá ń gbé àgbọ̀n sókè kí n lè fi ìsàlẹ̀ dígí wò ó, fún wákàtí kan gbáko. Ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ilé ìwòsàn kan ti ń wá àrùn eegun sí mi lọ́rùn, ìgbà tí ọmọ mi obìnrin dúró lẹ́yìn mi tó ń wò mí ló rí i: "Dádì, kí ló dé tí ẹ ń wo òkè bí ẹni ń gbàdúrà?" Mo lọ wọn sẹ̀ǹtímítà tó wà láàárín ojú mi sí mọ́nítọ̀, ó jẹ́ 68, mo kọ ọ́ sórí ìwé, mo gbé e fún ẹni tó ń ṣe dígí, wọ́n ṣe dígí olójú kan fún ìwọ̀n yẹn. Ó tán. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní márùnlélógójì, ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó máa gé pákó.

Àti pé tí mọ́nítọ̀ yín bá ní dígí níwájú, ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ dúró síbi tí ẹ máa ń dúró. Kí lẹ rí nínú rẹ̀? Tó bá jẹ́ gílóòbù tàbí fèrèsé lẹ rí, ibẹ̀ ni ẹ ó máa tẹ orí sí láti sá fún un láìmọ̀.

Ìyá Ṣọlá, Ìkòròdú

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Gbogbo yín ń sọ ti àgbà. Ṣebí àwọn ìbejì ló ni ín? Ọdún mélòó ni wọ́n?

Lọ́dọ̀ mi, kíréètì mínírà ni mo kọ́kọ́ fún àwọn ọmọ kí wọ́n máa dúró lé. Ọjọ́ kẹta, èyí ẹ̀gbọ́n tẹ́ sẹ́yìn láti fi ayọ̀ yọ, kíréètì yẹ̀, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbálẹ̀. A dúpẹ́ pé kò ṣẹ́. Ẹ kan pèpéle kan tó gbòòrò tó àpótí náà, kí ọmọ méjì lè dúró lórí rẹ̀ papọ̀, kó jìn tó ìgbésẹ̀ kan sẹ́yìn. Ẹ fi rọ́bà sórí, ẹ fi rọ́bà sábẹ́. Gíga rẹ̀, ẹ wọn ìgbọ̀nwọ́ ọmọ bí Ẹ̀rọ̀ Oríkèé ṣe kọ́ wa, ẹ yọ márùn-ún, kí ẹ wá wo iye tó kù kó tó dé pátákó. Ẹ fi táyà kékeré sí i lẹ́yìn kó ṣeé yí wọ abẹ́ tábìlì, torí àgbà tó bá gbàgbé pé ó wà níbẹ̀ lóru, orúkọ yín ló máa pè.

Ọ̀pá méjì yẹn náà ńkọ́, báwo ni wọ́n ṣe jìnnà síra? Tiwa kò tó àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà. Ìgbọ̀nwọ́ ń gbá ìgbọ̀nwọ́, ìjà wá kúrò nínú géèmù, ó bọ́ sí pálọ̀.

Ẹ̀rọ̀ Oríkèé, Ìlọrin

Ẹ ṣé, Ìyá Ṣọlá. Mo fara mọ́ ọn. Ọmọdé kì í sọ pé èjìká ń dun òun, ṣe ló kàn máa gùn ún. Tí ẹ bá rí ọmọ tó ń fi ikùn lé etí pátákó, pèpéle ló ń béèrè.

Bàbá, ti dígí ojú yẹn, ẹ kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aláìsàn mi.

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti padà dé.

Ẹ̀rù ń bà mí láti gé e, torí pákó tí wọ́n bá ti gé kì í gùn mọ́. Ìyàwó mi ló mú ọgbọ́n wá. Ó gbé tábìlì ìlọṣọ jáde, irú èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ sókè sódò. A gé páálí tẹlifíṣọ̀n kan tó wọ̀n bíi pátákó ọwọ́, a tú ọ̀pá àti bọ́tìnì kúrò lára àpótí, a lu ihò sí páálí, a kó wọn sínú rẹ̀, a fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí tábìlì ìlọṣọ, wáyà ń wọ́ nílẹ̀ lọ sídìí Raspberry Pi. Pálọ̀ wá dà bí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún rédíò ṣe. Ní alaalẹ́, tí àwọn ọmọ bá ti sùn, a ó gbé tábìlì náà sí gíga kan, a ó gbá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a ó wá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri. Òun fẹ́ 91. Èmi fẹ́ 95. Ní 93, ọjọ́ méjì kọjá kò sẹ́ni tó ráhùn. Ẹ̀rọ̀ Oríkèé, ẹ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ inú mi dùn pé ara mi ló sọ ọ́ fún mi.

A bá gé e. Káfíńtà ò kọ́kọ́ gbà, ó ní òun kì í gé iṣẹ́ òun. Ìgbà tí mo gbé e dúró síwájú àpótí tí mo ní kó di ọ̀pá mú fún ìṣẹ́jú márùn-ún ló fọwọ́ fa èjìká, tó ní, "Ọ̀gá, ẹ mú ayùn wá." Sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án. Mo fi àtè kun ojú tó gé. A gbẹ́ àyè ẹsẹ̀ sí ìdí rẹ̀, ó sì bu etí pátákó kúrò. Mo fi inú apá dán an wò bí Ọ̀gá Pákó ṣe ní, n kò mọ ibi tí etí ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ku mọ́nítọ̀. Bí àpótí ṣe sọ̀kalẹ̀, òun náà sọ̀kalẹ̀ sí 129, ojú mi wá ń wò ó láti òkè. Ṣe ni àwọ̀ rẹ̀ ń ṣá. Mo rò pé mo ti bà á jẹ́ nígbà tí mo tú u. Mo tẹ orí díẹ̀, àwọ̀ padà. Mo gbé orí sókè, ó tún ṣá.

Ẹrú Bọ́tìnì, London

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bà á jẹ́. Mọ́nítọ̀ TN ni, irú ojú mọ́nítọ̀ olówó pọ́ọ́kú kan. Tí ẹ ò bá wò ó lójú kòrókòró, àwọ̀ rẹ̀ á yí. Ẹ tì í sẹ́yìn lókè kó dojú kọ ojú yín gan-an, bí ẹni gbé ìwé lé itan. Tó bá di ọjọ́ tí ẹ máa rà míì, IPS ni kí ẹ béèrè fún, irú èyí tí àwọ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí tí ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Pàápàá tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gbé e dúró lóròó fún Pac-Man, torí Pac-Man ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ. TN tí ẹ bá gbé dúró lóròó, ẹni tó wà lọ́tùn-ún á rí àwọ̀ kan, ẹni tó wà lósì á rí òmíràn.

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn

Mo ti ṣe é. Mo fi igi kékeré há a lábẹ́, ó tì sẹ́yìn tó ogún dígírì, àwọ̀ ti dúró. Àmọ́ bó ṣe tì sẹ́yìn, ṣe ló gba gílóòbù àjà sójú. Bàbá Àgbà, ẹ̀rín yín ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lókàn mi. Mo yí àpótí náà sí ògiri kejì, mo sì gbé gílóòbù sẹ́yìn rẹ̀.

Lálẹ́ àná mo gbá a fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Èjìká mi ò sọ̀rọ̀. Ìlà ọrùn-ọwọ́ ti lọ. Ìṣòro tó kù báyìí ni pé ìyá àwọn ọmọ ti rí i pé Chun-Li, obìnrin tó ń jà nínú Street Fighter II, ní ìtàpá tí mi ò lè sá fún, ó ti nà mí lẹ́ẹ̀mọ́kànlá léraléra, tó sì jẹ́ pé tẹ́lẹ̀, mo lè sọ pé pátákó ló ga jù.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni àwọn ìbejì, Ìyá Ṣọlá. Ìgbọ̀nwọ́ wọn jẹ́ 79. Mo yọ márùn-ún, ó ku 74, ó fi 19 dín sí 93. Ogún ni mo ní kó kan án. Ọ̀pá méjèèjì fi sẹ̀ǹtímítà 58 jìnnà síra.

Ọ̀gá Pákó, Abẹ́òkúta

Ẹ fi fọ́tò pèpéle náà ránṣẹ́ tí wọ́n bá kàn án tán. Ẹ sì sọ fún káfíńtà yín pé mo kí i. Kì í ṣe gbogbo wa ló ń gbà kí wọ́n mú ayùn wá.

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn

Ó gbé e dé láàárọ̀ yìí. Kẹ́hìndé ti jókòó lé e, ó ní àga tòun ni.